Ọjọ́ Mẹ́rìndínlógún Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

“Bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Má gbé orí sókè. Tún bẹ̀rẹ̀ sí i.”

Ohùn ìyá àgbà ló ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níta yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀, àbúrò mi, ọmọ oṣù márùn-ún, sì dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń ké. Nísàlẹ̀ ilé, lójú títì Grand Concourse, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn tún ń pariwo kọjá. Mi ò mọ iye tí mo ti gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ó máa já bọ́.”

“Kò ní í já bọ́. Mú ọ̀já yẹn, gbà á kọjá lábẹ́ ìdí rẹ̀. Fà á wá síwájú. So ó le.”

Mo so ó. Mo nàró díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́.

“Mo ti so ó, ṣùgbọ́n mi ò lè mí.”

“Tú u díẹ̀. Ọmọ lo pọ̀n, o ò di ẹrù igi.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Ẹni méjì ló rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wà lára wọn, àmọ́ ikọ́ gba ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì wúkọ́ títí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà.

Kì í ṣe nítorí àrùn ni ìyá àgbà, ìyá ìyá mi, ṣe wá sí New York. Ó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ni. Abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ló ti wá, ó gbé èlùbọ́ àti irú tó fi ọ̀rá mẹ́ta di, síbẹ̀ òórùn irú náà ti wọnú gbogbo aṣọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fẹ́ lò. Kí ó tó pé, kòrónà dé, wọ́n ní bàálù ò ní í fò mọ́. Bàbá mi wà ní Ìbàdàn, ó ń retí físà. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ rẹ̀, òun ò sì lè jókòó sílé, ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Ojú ìyá àgbà kún fún àpá kéékèèké, bí ilẹ̀ eléruku tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, tó sìn mí lọ sí ilé ìwé, mo máa ń rìn síwájú rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi má baà mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é lójú. Ó ní ilẹ̀ gbígbóná ni. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àrùn kan tó ti lọ pátápátá ni, pé nílé àwọn, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an kó má baà gbọ́.

Nígbà tí ìròyìn kòrónà bẹ̀rẹ̀, ó gbé garawa omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ìyá mi máa bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.

“Màámi, wọ́n ń fún wa ní ìbọ̀wọ́ níbi iṣẹ́.”

“Ìbọ̀wọ́ ò bo aṣọ. Bọ́ ọ.”

Omi gbígbóná ló máa ń da sórí aṣọ náà. Kò jẹ́ kí a wọ ẹ̀lífétọ̀ tó ń gbéni gòkè mọ́, ó ní a ò mọ ẹni tó mí sínú àpótí náà kẹ́yìn, àjà kẹrin la sì ń gbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó rò pé òun mọ ohun gbogbo. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bi ìyá mi bóyá ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le koko lè kó àrùn yìí ran ẹlòmíràn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Nínú èémí ló wà.”

Ìyá àgbà fi ìka kan àpá ojú rẹ̀. “Tiwa máa ń hàn lójú. Bí o bá ti rí i, o ti mọ ẹni tí wàá yẹra fún. Eléyìí le ju tiwa lọ.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ibà. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ó wọ yàrá rẹ̀, tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ nínú, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é lórí fóònù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní kí ó máa dojú bolẹ̀ sùn, pé bí ètè rẹ̀ bá ti ń yí àwọ̀, ká pe ọkọ̀ aláìsàn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ò lè dìde mu omi mọ́. A ń gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ mi. Mo sáré di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ìyá àgbà gbá mi mú ní ìbàdí, ó fà mí sẹ́yìn, a jọ ṣubú jókòó sílẹ̀. Mo ń ké pé kó fi mí sílẹ̀, pé ìyá mi ni. Kò lù mí, kò sì bínú.

“Gbọ́ mi,” ló wí. “Nígbà tí mo kéré sí ọ, wọ́n gbé mi lọ sí àbà kan nínú oko, wọ́n fi màrìwò dí ojú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má wá. Obìnrin kan tí ilẹ̀ gbígbóná ti mú rí ló ń tọ́jú mi. Wọ́n á gbé oúnjẹ sí ìdí igi, wọ́n á pè é, wọ́n á sì yáa padà. Obìnrin yẹn ò ní í kúrò níbẹ̀ títí màá fi sàn. Ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́ igbe mi. Ọ̀sán gangan ló wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé mi mọ́ra, ó sì padà sílé lọ dáná fún àwọn àbúrò mi. Èmi yè. Ìyá mi ò yè. Àbúrò mi méjèèjì ò yè.”

Ó nu ojú mi pẹ̀lú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

“Pé ó wọlé kọ́ ló burú. Jíjáde tó tún jáde ló burú.”

Ó wá fi gèlè bo imú àti ẹnu, ó di ẹrù kékeré kan. Mo bi í bóyá kòrónà ti mú òun náà rí, bí ti obìnrin inú àbà yẹn.

“Kò mú ẹnikẹ́ni rí kó tó di ọdún yìí, ọmọ mi, tuntun ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọlé, èmi ni mo sì dàgbà jù. Ìwọ lo ni ọmọ yìí báyìí.” Ó gbé àbúrò mi lé mi lọ́wọ́, ó wọlé.

Bí mo ṣe di ìyá ọmọ nìyẹn. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ gbígbóná tí kò ní í ní kókó, bí màá ṣe kán mílíìkì ọmọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ kí n mọ̀ bóyá ó ti tutù. Mo máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀, màá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, màá sì lọ dúró sí kíṣínì. Nígbà náà ló máa ń ṣí i. Atẹ́gùn tútù máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá fẹ́ mi lẹ́sẹ̀, torí kì í ti fèrèsé, bí òtútù ṣe mú tó. Ó ní inú àbà làwọn máa ń gbé aláìsàn sí, kì í ṣe inú àpótí.

Ìyá ìjọ wa wá lọ́jọ́ kan, ó gbé ọbẹ̀ dání, ó fẹ́ wọlé wá gbọ́wọ́ lé ìyá mi lórí. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìta, mo ní, “Ẹ má bínú mà, ẹ ò lè wọlé.”

“Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa lé àgbà?”

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ohùn ìyá àgbà ti yàrá wá bí ẹni tó ń pe ẹni òkè odò.

“Èmi ni! Ẹ kú ìfẹ́ o, Ìyá Ìjọ. Ẹ gbé ọbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbàdúrà yín níbẹ̀ yẹn. Ọlọ́run ò di etí.”

“Ṣé lílé lẹ̀ ń lé mi ni, Màmá?”

“Mò ń lé yín kí ẹ lè tún padà wá ni.”

Ó gbàdúrà lórí àtẹ̀gùn títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Ó pẹ́ kí ó tó dárí jì wá.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo gbọ́ ikọ́ kejì. Mo mọ ikọ́ ìyá mi. Èyí gbẹ, ó sì kúrú, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbé e mì kí n má baà gbọ́. Mo pọn àbúrò mi, mo jókòó, mo fi ẹ̀yìn ọmọ ti ògiri. Ìyá àgbà mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ. Lọ fọ ọwọ́ rẹ kí o jẹun.”

Ara ìyá mi yá kí ti ìyá àgbà tó yá. Ìyá mi fẹ́ jáde wá gbé ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà dì í mú. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n jọ jáde, wọ́n rù, ojú wọn sì rí bí ti àlejò. Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ fún ìyá mi. Ìyá àgbà na ọwọ́ sí mi, mo sì dì mọ́ ọn. Apá rẹ̀ ti fúyẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

Ó lo tó ọdún kan sí i lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, tí àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ oríṣiríṣi nípa rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló lé ilẹ̀ gbígbóná lọ, abẹ́rẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ó padà sílé. Ọdún kejì lẹ́yìn tó dé ilé, ó sùn, kò jí. Ìwé ìgbélùú ìyá mi kò tíì jáde, kò lè lọ. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú náà, àwòrán rẹ̀ ń dúró, ó ń lọ, òjò sì ń rọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo ti dàgbà báyìí. Bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá lára àwọn tí a jọ ń gbé ní yunifásítì, mo mọ ohun tí màá ṣe. Wọ́n máa ń ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo máa ń sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kì í sọ. Ìgbà àrùn nìkan ni mo fi mọ ìyá àgbà. Mi ò mọ bó ṣe máa ń jókòó níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni, tàbí irú orin tó máa ń kọ bí ó bá ń ṣa ẹ̀fọ́, tàbí ẹni tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí ó fi gba ẹ̀mí wa là, mo ti jogún rẹ̀. Ìyókù ayé rẹ̀, èyí tí kò ní ewu nínú, ni mo ń ṣàárò, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i rí.