Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tí Olùṣọ́ Mi Kò Kà Sí

Ní ilé-ìwé tí mo ti ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Òmù-Àrán, mo ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo ń pè ní olùṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ké sí àwọn ẹ̀rọ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Bí ọ̀kan kò bá dáhùn, á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ìkìlọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. NEPA á ṣẹ́jú, fóònù á dún. Mo ń jẹun, ó dún. Mo ń wẹ̀, ó dún. Nígbà tó sú mi, mo ní kó máa ké sí wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó má sì yọ mí lẹ́nu àfi bí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ láti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta léra. Fóònù mi dákẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì wá ṣe ìdánwò àṣewò lọ́dọ̀ wa. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n jókòó. Kò pẹ́ rárá tí ojú gbogbo kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, tó ní bátìrì tirẹ̀, fi dúró gbagidi. Mo sáré lọ sídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo gùn ún. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, gbogbo nǹkan ti padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́: ẹni tí ìdánwò bá já mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ kì í gbà á wọlé mọ́. Àwọn alábòójútó tó ti Ìlọrin wá ní bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn á gbẹ́sẹ̀ lé ibùdó wa.

Ọmọbìnrin kan láti Òró-Àgọ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, eruku ọ̀nà wọn ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó ní ibòmíràn lòun ti jókòó lọ́dún tó kọjá, ó já níbẹ̀ náà. Baba rẹ̀ sì ti sọ pé bí tọdún yìí bá tún bàjẹ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní já lọ́jọ́ náà?”

Mo ní kò ní já. Irọ́ ni mo pa, torí mi ò tíì mọ ohun tó já a.

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo lé alángbá kúrò nínú àpótí ìdí òpó. Mo di ẹ̀bi ru òjò, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Níkẹyìn mo rántí pé olùṣọ́ kò kìlọ̀ kankan fún mi lọ́jọ́ náà, torí ìdákẹ́jẹ́ náà kò tó ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì tún un tò: kó máa ké sí wọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ gbogbo ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú ní aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó sì jí kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbámẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Àìkú, kò sí. Lọ́jọ́ Ajé, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú náà ló tún kú. Alángbá kì í gba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Èèyàn ló wà nídìí ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó lè kórìíra mi lórí ìka.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dúró sínú ọ́fíìsì kí àdúrà òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mi ò ṣe láti ọdún kan ó lé, nítorí mo máa ń sá fún àdúrà. Agogo àdúrà dún. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà bo orin mọ́lẹ̀. Bó ti kú báyìí, àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ró nínú ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Màmá tó ń tọ́jú ọ́fíìsì wọlé wá, wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, àpótí náà dákẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó wà níbi àdúrà kọrin. Wọ́n tilẹ̀ gbàdúrà fún ìdánwò Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàmín, tí jẹnẹrétọ̀ sì dún, màmá padà wá tan àpótí náà.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn ná. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ máa pa á?”

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Ìwọ kọ́ ni? Lọ́jọ́ tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ṣebí ìwọ lo fi ọwọ́ ara ẹ mú ìka mi síbẹ̀? O ní, ‘Màmá, bó bá ti ń ké, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbí, bí iná bá dé, ẹ tún un tẹ̀.’ Mi ò jẹ́ kó yẹ̀ lọ́jọ́ kan.”

Mo rántí. Bátìrì rẹ̀ ló bàjẹ́ nígbà náà. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́, igbe tó ń ké báyìí kò ju pé iná lọ, mi ò kàn sọ fún màmá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ké, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́bọ̀, mo dúró ti màmá níbi àdúrà. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní jẹnẹrétọ̀ kò ní bá òun kọrin, ìdánwò ni àbí kì í ṣe ìdánwò. Wọ́n pa á. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màmá di ọwọ́ méjèèjì mú sẹ́yìn, bí ẹni pé ọwọ́ náà á sá lọ síbi bọ́tìnnì.

“Máa ké lọ o,” wọ́n ní, wọ́n sì gbé orin sókè.

Fóònù mi kò dún. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dákẹ́, ọkàn mi a balẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mi ò gbà á gbọ́. Mo fi orin sílẹ̀, mo sáré lọ sí fèrèsé gbọ̀ngàn. Ọmọ Òró-Àgọ́ ti bọ́ bàtà eléruku rẹ̀ sábẹ́ àga, ó ń ka ìbéèrè, ètè rẹ̀ ń mì. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi tẹ ìdáhùn, tí ìbéèrè mìíràn sì jáde.