Bọ́tìnì Tí Ń Mú Géètì Gbàgbé

Òórùn gírísì ni mo kọ́kọ́ ń rántí nípa àárọ̀ Sátidé náà: gírísì tuntun lára irin tí géètì ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ń yí lé lórí, tó dà pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn ni mo gbọ́ òórùn náà, tí mo wá gbé e síbí. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, rìmóòtì kan ṣoṣo la sì ní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Èkó ló kọ́ ilé náà. Kò fi ilẹ̀kùn kékeré sí géètì rẹ̀. Bí bàbá mi bá ti mú rìmóòtì lọ síbi iṣẹ́ ní Adó, àkàbà aládùúgbò ni ìyá mi, tó jẹ́ olùkọ́, fi ń gun ògiri jáde lọ sílé ìwé.

Nítorí èyí ni Bọ̀dá Káyọ̀, tó ń tún géètì ṣe, ṣe wá láti fi rìmóòtì méjì kún un. Ó ṣí àpótí funfun tó wà lára ògiri, ó tẹ bọ́tìnì kékeré kan, ó yọwọ́, iná pupa tàn. Ó wá tẹ rìmóòtì tuntun, géètì sì mọ̀ ọ́n.

Ó wò mí níbi tí mo ti ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Dókítà géètì, má fọwọ́ kàn án o. Bí ọwọ́ bá pẹ́ lórí bọ́tìnì yìí, yóò gbàgbé gbogbo rìmóòtì tó mọ̀."

Mo bi í bóyá yóò gbàgbé ti bàbá mi náà.

"Àti ti bàbá tó bí bàbá rẹ."

Bátìrì rìmóòtì kejì ti kú. Bàbá mi ṣí géètì fún Bọ̀dá Káyọ̀ kó lọ ra òmíràn lọ́jà, géètì sì padé lẹ́yìn rẹ̀. Àpótí ṣì wà ní ṣíṣí. Mo tẹ bọ́tìnì náà, n kò yọwọ́. Mo fẹ́ rí bí nǹkan ṣe ń gbàgbé. Iná ṣẹ́jú léraléra, ó kú.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi ké sí bàbá mi nínú ilé. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Bàbá mi tẹ rìmóòtì. Géètì kò mira. Ó tẹ tuntun, bákan náà. Ó fi èjìká tì í, ẹ̀rọ tó ń fà á dì í mú. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ékòó. Ó pe Bọ̀dá Káyọ̀, fóònù rẹ̀ sì dún nínú báàgì irinṣẹ́ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ jẹ́ n kú s'úlé," ni Ìyá àgbà ń wí.

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí a lè ṣe, ṣùgbọ́n láti sọ ọ́ ni láti jẹ́wọ́. Ìyá mi a máa wí pé ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ ló ń jẹ oúnjẹ gbígbóná. Báwo ni mo ṣe pẹ́ tó kí n tó sọ̀rọ̀? Nínú ìrántí tèmi, ìyá mi ka sáàmù kan tán. Òun ń sọ títí dòní pé n kò jẹ́ kó ka ẹsẹ kejì. N kò gbà á gbọ́. Mo rò pé ìfẹ́ rẹ̀ sí mi ló gé àkókò náà kúrú.

"Dádì, èmi ni mo jẹ́ kó gbàgbé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ."

Bàbá mi fà mí síwájú àpótí náà. N kò jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ lórí bọ́tìnì náà lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yọwọ́, iná tàn. Mo ní kí bàbá mi tẹ rìmóòtì. Géètì mira, ó sì ṣí. Wọ́n gbé Ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn; ọjọ́ kẹrin ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

Èmi náà ti di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwé kan báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo ṣèèṣì pa máàkì kíláàsì kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, akọ̀wé wa ni wọ́n sì fún ní kúẹ́rì, ìwé pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí, n kò sì tíì jẹ́wọ́. Bóyá mo ti sọ ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn di akọni ju bó ṣe rí lọ, kí n lè ní ẹni tí n ó máa tijú fún. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni akọ̀wé náà ń kí mi, "Ẹ káàárọ̀, mà," mo sì ń dá a lóhùn.