Etí Ló Yan Ilé fún Wa ní Ṣàgámù

Ìyá Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ jí. Kí n tó bọ́jú, ó ti ki àkàrà sínú búrẹ́dì, ó sì ti wọ aṣọ fún ọmọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, a forí lé Rẹ́mọ láti lọ wá ilé. Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀ ni, ayé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ibi iṣẹ́ mi ti ní kí n máa bọ̀ ní ẹ̀ka wọn tó wà ní Ṣàgámù.

Ẹni tó ń wá ilé, omi àti òrùlé ló máa ń bèèrè. Tiwa yàtọ̀. Ilé-ìwé ìjọba tó bá gba Rónkẹ́ la ń wá. Tòsí rẹ̀ la máa gbé. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà, ó ń ka ìwé ìròyìn sí mi létí bí mo bá ń fá irùngbọ̀n, síbẹ̀ n'Ìbàdàn wọ́n lé e kúrò ní kíláàsì kìíní nítorí etí. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹ iyán sí i.

Odidi ọdún kan ni Rónkẹ́ fi ń so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa kí ọwọ́ rẹ̀ lè gùn. Ọwọ́ ò kúrú. Orí ló tóbi, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti jogún rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ti wọ aṣọ ilé-ìwé, ó sì ti ń sá pamọ́ bí wọ́n bá ń kọjá. Bí wọ́n bá tún lé e lọ́dún yìí, mi ò mọ ohun tí a máa sọ fún un.

Ọkọ̀ Pijó la wọ̀, náírà kan àtààbọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé Rónkẹ́ lé itan kó má baà san owó. Awakọ̀ wẹ̀yìn wò ó.

"Ọ̀gá, itan dára o. Àmọ́ orí yẹn nìkan tó owó èèyàn kan."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Títì márosẹ̀ ṣì tuntun nígbà náà, ó dúdú, ó ń dán, kò ní ihò kankan; awakọ̀ lè fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti bó obì, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

A sọ̀ ní oríta Ṣàgámù, a wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, nítorí ọ̀rẹ́ mi kan ti bá wa rí ilé níbẹ̀. Ilé yẹn dára ju mi lọ. Ẹ̀rọ omi wà nínú ọgbà, fèrèsé jẹ́ onígíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Rónkẹ́ ṣí ẹ̀rọ náà tó tún tì í, bí ẹni ń bá a ṣàwàdà. Ó ti yan ibi tí àdògán máa wà.

Ilé-ìwé wà ní òdìkejì títì. Wọ́n kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ní funfun, òdòdó sì tò lọ bí ọmọ ogun. Ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin gbẹ́fẹ́ kan tó lọ ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa, ní kí Rónkẹ́ gbé ọwọ́. Ìka dúró lókè etí, ó ku bí ìbú ìka kan. Mo ní kí ó jẹ́ kó kàwé. Ọmọ náà ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ka ti ara ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì bàtà ọkùnrin náà.

"Etí ni wọ́n ní ká wò, ọ̀gá mi," ni ọkùnrin náà wí, "kì í ṣe ẹnu. Ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Rónkẹ́ ò sunkún. Ó kàn di etí náà mú, bí ẹni pé ó fẹ́ fà á wá sókè. Ìyẹn ló dùn mí jù.

A padà sí Ṣàgámù. N'Ìbàdàn, ìlú kan ni ìlú. Níbí, bí o bá ní Ṣàgámù lò ń lọ, wọ́n á bi ọ́ pé Ṣàgámù wo, nítorí ìlú púpọ̀ ló kóra jọ síbẹ̀, kò sì sí èyí tó gbàgbé orúkọ rẹ̀. Wọ́n júwe ilé-ìwé kan fún wa ní Makun, ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà. A jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́nà, ìyẹn ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè mọ́ epo àti ẹja. Mo bú u kí n tó tọ́ ọ wò, mo sì lá abọ́.

Ilé-ìwé tí a bá ní Makun ò ní òdòdó. Ewúrẹ́ kan sùn sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, àwọn ọmọ sì ń ru àpótí ìjókòó wá láti ilé. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni ọ̀gá ibẹ̀. Rónkẹ́ gbé ọwọ́. Ìka tún dúró síbi tó dúró sí l'Ìkẹ́nnẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí mo ti kàwé ní yunifásítì, pé ọgbọ́n ò sí nínú etí, pé orí ló tóbi.

Màmá náà tẹ́tí títí mo fi parí.

"Bàbá Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ gbé ọwọ́."

Mo ṣí fìlà. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí mi kọjá. Aṣọ sàfárì tí Ìyá Rónkẹ́ rán fún mi há lábíyá. Mo nà, mo mí sínú, mo tún nà. Kí ìka mi tó rí etí, abíyá ya gbàràgàdà, ewúrẹ́ sì jí.

Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Yunifásítì gba bàbá, àwa náà á gba ọmọ. Kó ru àpótí tirẹ̀ wá. Kí ẹ sì gbé nítòsí, torí bí òjò bá rọ̀, odò lọ̀nà yìí máa ń dà."

Yàrá méjì tí a gbà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn wà nínú agboolé àtijọ́ kan. Kànga ni omi wọn, páànù òrùlé sì lu. Mo wo Ìyá Rónkẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ omi Ìkẹ́nnẹ́ ṣì ń sun lọ́kàn rẹ̀. Ó wo ọmọ tó ń sáré yí ewúrẹ́ agboolé náà ká, tó ń sọ fún un pé òun ti di ọmọ kíláàsì kìíní.

"Ẹ ra korobá méjì," ló sọ.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìbàdàn. Kí Ìyá Rónkẹ́ tó bọ́ gèlè ló ti jókòó, ó ń rán abíyá aṣọ mi, ó ń rín in ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò yẹn kò ju pé ibi tí wọ́n bá ti gba ọmọ ẹni tọwọ́tẹsẹ̀, kí á farada òrùlé ibẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún, Ìyá Rónkẹ́ ti lọ sinmi lọ́run. Rónkẹ́ ti ga jù mí lọ, òun náà ti bí ọmọ olórí ńlá. Láàárọ̀ yìí, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí mi kọjá láti wò ó. Èjìká ò gbà. Àtàrí ni mo dé. Bí wọ́n bá ní kí n tún ayé bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní, Ìkẹ́nnẹ́ ò ní gbà mí. Makun ni màá gba lọ.