Ilẹ̀ Tí Kò Bá Ẹsẹ̀ Sọ̀rọ̀ Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, bàbá afọ́jú kan ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé à ń fa bàbá lọ́wọ́ kiri o. Wọn kì í gbà. Aládùúrà ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé Aládùúrà tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni bàbá fi ń dá lọ sí ilé àdúrà, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ni ojú wọn.

Yanrìn ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Tí ilẹ̀ bá ti le, bàbá mọ̀ pé àwọn ti dé ìdí igi máńgòrò. Tí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti ń gún wọn lẹ́sẹ̀, gọ́tà ilé àdúrà ló kàn, wọn á dúró, wọn á fi ọ̀pá wá pákó tí a fi ń sọdá. Òfin ni ládùúgbò nígbà náà pé ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀nà yẹn, tàbí tó da nǹkan sí i, gbọ́dọ̀ pe bàbá wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá mi kò jẹ́ gbé odó síta láìpè wọ́n.

Ìfẹ́ ló ba nǹkan jẹ́. Àwọn ará ìjọ ní òkúta ń gún bàbá jù. Wọ́n kó o dànù, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán ọ̀nà náà gbọrọrọ dé etí gọ́tà, wọ́n tún gbẹ́ gọ́tà jìn sí i nítorí àgbàrá. Wọ́n wá pe bàbá kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo wa ń retí ọpẹ́. Bàbá rìn díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún rìn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ yìí ò sọ nǹkan kan fún mi mọ́ o. Ẹ ti fọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kejì."

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ìjọ kan ní, "Bàbá, ó máa mọ́ yín lára jàre." Ẹ̀rù bà mí, torí bàbá kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ dé. Àgbàrá bo ọ̀nà, ó bo gọ́tà, kò sí bí ọ̀pá ṣe lè mọ èyí tó jìn. Ká ní òkúta yẹn ṣì wà ni, ẹsẹ̀ bàbá ì bá mọ̀ ọ́n lábẹ́ omi. Agogo àdúrà lù, bàbá jáde lọ, wọn kò dé ibẹ̀. Òkú wọn la gbé jáde nínú gọ́tà. Títí dòní ni mi ò fẹ́ gbọ́ agogo nínú òjò.

Ayé ti yí padà ṣá. Ní Ìgándò tí mò ń gbé báyìí, onílé kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀, ó ń gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ju ti aládùúgbò lọ, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni wá tẹ nǹkan kan wò. Ojú tèmi náà sì ti ń lọ. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà.

Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn mi gan-an, ti fi íńtálọ́ọ̀kì dán gbogbo iwájú ilé. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí etí gọ́tà fún mi. Àkọ́bí mi rẹ́rìn-ín.

"Màmá, òkúta lórí íńtálọ́ọ̀kì? Ó máa mọ́ yín lára jàre."

Láàárọ̀ yìí, mo bọ́ bàtà, mo ń fi ẹsẹ̀ wá etí gọ́tà náà. Ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi figbe ta ni mo tó mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ mi ti wà lẹ́nu gọ́tà. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú.