Ẹran Tó Kẹ́yìn Nínú Abọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọbìnrin mi ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò físíìsì. Iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìtànṣán tọ́jú aláìsàn ló wù ú. Bàbá rẹ̀ ní bó bá tún jábọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kó wá jókòó tì mí ní ọjà Tafo ní Kumasi níbí, ká jọ máa ta abọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ tí oníbàárà máa bi bóyá abọ́ yìí nípọn, tí yóò sọ òótọ́.

Lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ kan, mo bá a tó fajú ro síwèé.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Oògùn gẹ̀gẹ̀ kan tó ní ìtànṣán nínú ni, Màámi. Ní ọjọ́ mẹ́jọ, agbára rẹ̀ á ku ìdajì."

"Bó bá wá di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ó tán nìyẹn. Kí ló le níbẹ̀?"

"Daabi." Bó bá fẹ́ já mi kulẹ̀, Twi ló fi ń kọ̀ fún mi. "Ìdajì èyí tó kù ló tún máa lọ. Kì í tán. Ọjọ́ mélòó ló máa fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá? Lọ́ọ̀gì ni wọ́n fi ń wá a."

Lọ́ọ̀gì tí èmi mọ̀ ni igi ràbàtà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbé gba Kumasi kọjá. Mo ní ṣé inú igi ni oògùn náà wà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Àmọ́ ohun tí kì í tán yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Nílé wa ní Sawaba, ẹni tó bá jẹ ẹran tó kẹ́yìn ló ń fọ abọ́. Kálukú á já ìdajì, á fi ìdajì sílẹ̀, títí ẹran á fi di ti èèrà.

"Ẹran inú abọ́ ni," mo ní. "Ka iye ọwọ́ tó ti já a."

Ó fi ìka kà á. "Ọwọ́ mẹ́ta, ó ku ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọwọ́ mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún." Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. "Iye ọwọ́ ni lọ́ọ̀gì ń kà, Màámi. Ọwọ́ mẹ́ta àti díẹ̀."

"Ta ló ni díẹ̀?"

"Bàbá. Wọ́n nawọ́, wọ́n gbọ́ ikọ́ yín, wọ́n wá já bíńtín."

Ó fi mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé.

Ọjọ́ tí èsì dé pé ó yege, a jọ jẹun ọ̀sán. Ó mú ẹran tó kẹ́yìn lódindi, ó jù ú sẹ́nu, ó gbé abọ́ lọ fọ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó fẹ́ já ìdajì ṣì wà lókè.