Àwọ̀ Tí Omi Ò Lè Ṣí

Àsmá'ù Sàláúdéènì kì í ṣe dókítà. Ẹni tó bá wọ láàbù wọn ní Iléṣà tó pè é bẹ́ẹ̀, á tètè tún un ṣe: "Èmi ni mò ń bá wọn po nǹkan pọ̀, sà." Ẹ̀sà-Òkè ló ti kàwé. Òṣogbo ló ti ń wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, láti ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ aláró. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́, ti ń rẹ aṣọ láró dòní, kò sì sí ìkánjú oníbàárà tó lè mú un ta aṣọ tí omi rẹ̀ kò tíì mọ́.

Jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n ń bá jà ní láàbù. Ọdún méjì gbáko ni Dókítà Ọ̀nàọlápọ̀, ọ̀gá wọn, ti ń wá ohun tí yóò dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀, tí yóò tàn níbẹ̀ kí ojú lè rí i, tí yóò sì já oògùn sílẹ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀ nìkan. Ẹ̀rún pólímà ni wọ́n mú ṣe é, irú pólímà tí wọ́n fi ń ṣe okùn ìránjú-abẹ tó máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rún náà ló lè tò sí ìbú fọ́nrán irun kan. Oògùn wà nínú rẹ̀, àti aró pupa tó ń tàn. Lára rẹ̀ lóde, fólétì, èròjà inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí jẹjẹrẹ ń ṣe ọ̀kánjúwà sí. Ìdẹ ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n wo maikirosíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń tàn yòò. Dókítà pàtẹ́wọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà dé. Bí wọn ò bá rí èsì, láàbù á di títì, Àsmá'ù á sì padà sílé.

Àsmá'ù ò pàtẹ́wọ́. Omi ló ń wò. Inú àpò tín-ín-rín kan, tó dà bí ìfun ewúrẹ́, ni wọ́n máa ń di ẹ̀rún náà sí, wọ́n á sì rì í sómi. Aró tí kò wọ inú ẹ̀rún á jò jáde. Ẹ̀rún tóbi ju ihò wínníwínní ara àpò lọ, kò lè jáde. Wọ́n ti pa omi náà dà lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì pọ́n.

"Dókítà, aró ṣì ń yọ níbẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Ìyá Salmah, láàbù nìyí. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò aró jókòó sí Òṣogbo."

"Ìkòkò wà l'Óṣogbo, sà. Omi tó pọ́n bíi sóbò ló wà níbí."

Ó bu omi náà. Omi lásán, tí kò sí ẹ̀rún kankan nínú rẹ̀. Ó dà á sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mìíràn nínú abọ́, ó dúró fún wákàtí mẹ́ta.

Ó tàn.

Aró tó jò ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó lè dà á nù. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yìí. Ó kírun àìlà, ó sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Dókítà tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù. Kò bínú. "Kí ni ìyá yín máa ń ṣe sí i?"

"Wọ́n á máa ṣàn án, sà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí omi ò fi ní rí nǹkan jí mọ́."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi. "Ẹ má sọ fún ará ilé mi o, pé èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mò ń pọnmi fún aláró Òṣogbo."

"Ẹ pọn ọ́n kún, sà. Ó ṣì kù."

Nígbà tí omi mọ́ lóòótọ́, wọ́n tún wò ó. Omi ìkẹyìn: òkùnkùn. Sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn: òkùnkùn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ: iná, yí i ká, wọnú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, oògùn ti ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ ti kú, ó ti bó kúrò nílẹ̀ abọ́. Àwọn tó lálàáfíà dúró digbí. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàbù.

Ìgbìmọ̀ dé. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétọ́lá, obìnrin tí ojú rẹ̀ le, béèrè pé: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe aró tó jò ló ń tàn?"

Dókítà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Salmah, ẹ̀yin lẹ ni èyí."

Àsmá'ù fi àwòrán hàn wọ́n, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. "Èyí àkọ́kọ́, àṣìṣe wa ni, mà. Omi ló tàn, a rò pé iṣẹ́ wa ni. Èyí ni omi ìkẹyìn, kò tàn. Èyí ni ẹ̀rún fúnra rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ pa omi dà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún, mà."

Ariwo sọ nínú yàrá náà, ti ìdùnnú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta kún iṣẹ́ láàbù. Àwọn yòókù lọ jẹun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétọ́lá ò lọ. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ rọra sọ bí ẹ ṣe ń ṣàn án fún mi, kí n lè kọ ọ́. Láàbù tiwa náà nílò rẹ̀."

Àsmá'ù fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.