Ìdọ̀bálẹ̀ Morákinyọ̀

Kí n má purọ́, olóríkunkun ni Morákinyọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré ní Ìkìrun, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ tó fi ewì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó dé Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó di nọ́ọ̀sì, ó ra ilé sí ìlú kékeré kan lẹ́bàá Stockbridge, ó sì ń kéwì ẹ̀ lọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n sọ lórúkọ ládùúgbò yẹn tí kò kéwì fún. Ewì náà ló gbé e dé ipò kánsẹ́lọ̀. Àwọn èèyàn wa ní ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó báyìí, ẹ jẹ́ ká rán an lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó sì sọ ọ́ o. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ràgàjì síbẹ̀, kí tírélà máa kọjá níwájú ilé ìwé àwọn ọmọdé. Morákinyọ̀ kéwì bú wọn nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò gbọ́. Àṣé ilé iṣẹ́ yìí kan náà ti ṣèlérí gbọ̀ngàn fún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. Ìdìbò tó fẹ́ fi padà sípò kánsẹ́lọ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Alhaji Nojeem, alága ẹgbẹ́, ránṣẹ́ pè é. Bàbá ọlọ́gọ́rin ọdún ni, ibi tó bá ní kí wọ́n dìbò sí ni wọ́n ń dì í sí. Morákinyọ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ń retí kí bàbá ní kó dìde. Bàbá ò sọ ọ́.

"Kó ewì yẹn jẹ kó o tó dìde," ni Alhaji wí. "Tí o ò bá kó o jẹ, kò sẹ́ni tó máa dìbò fún ẹ níbí."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àyà nílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ doríkodò, torí ó mọ bí ọkọ òun ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ náà tó.

"Bàbá mi lẹ jẹ́, sà," ni Morákinyọ̀ wí. "Tẹ́ ẹ bá ní kí n sùn síbí, màá sùn síbí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó o jẹ." Ló bá tún ewì náà ké látìbẹ̀rẹ̀, níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó tún fi èyí kún un:

"Ẹ gba gbọ̀ngàn, ẹ fi títì sílẹ̀,
Ta ni yóò jókòó sórí àga yín lọ́la
Bí tírélà bá ti kó àwọn ọmọ lọ?"

Alhaji bínú jáde. Kò sẹ́ni tó ní kí Morákinyọ̀ dìde, ó dá ara rẹ̀ dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

Ìbò mọ́kànlélógójì ló fi fìdí rẹmi. Ó dùn ún wọra, kò sì fi pa mọ́ fún Ṣìkẹ́mi.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ fẹ́ fọwọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí náà. Aráàlú tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń tò sídìí maíìkì, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Morákinyọ̀ tò bíi gbogbo èèyàn. Ewì tuntun ló gbé wá, ó sì gùn. Kò tíì dé ìdajì tí aago fi dún, wọ́n ní kó lọ jókòó.

Ẹni tó kàn ni Màmá Hanifah, ìyàwó Alhaji Nojeem, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì wà nílé ìwé yẹn. Ó rọra sún mọ́ maíìkì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun yọ̀ǹda ìṣẹ́jú mẹ́ta tòun fún ọkùnrin yìí. Ó wá yíjú sí Morákinyọ̀.

"Máa ké e lọ, ọmọ mi. Alhaji wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ké e sókè kó gbọ́."